Ta ló ni iwájú ilé? Àlàyé lórí mọ́tò tí wọ́n páàkì sójú títì àdúgbò n'Ìkòròdú

Ìjà mọ́tò ojú títì kì í sábà bẹ̀rẹ̀ lórí mọ́tò. Gbólóhùn méjì ló máa ń dá a sílẹ̀. Onílé á ní, "Iwájú ilé mi nìyí." Onímọ́tò á dá a lóhùn pé, "Títì ìjọba nìyí, ilé rẹ kọ́." Láti Sábó dé Ìgbógbó, láti Òwutù dé Ìmọ̀ta, ohun tí wọ́n ń jù lu ara wọn nìyẹn, oníkálukú sì gbà pé òfin wà lẹ́yìn òun. Ìdajì òótọ́ ló wà lẹ́nu ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn.

Ẹ jẹ́ ká mú ti onílé ṣáájú. Ilẹ̀ yín parí síbi tí píla sọ́fè yín dúró sí. Ẹ yọ sọ́fè pílánì jáde kí ẹ wò ó: igun kọ̀ọ̀kan ilẹ̀ náà ní píla tirẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà, ìlà pupa tó so wọ́n pọ̀ sì ni ààlà. Ohun tó bá ti kọjá ààlà yẹn síta, títì ló ni ín: gọ́tà, etí gọ́tà tí koríko hù sí, títí kan íńtálọ́ọ̀kì tí ẹ fowó ara yín tẹ́ síwájú gééti. Owó tí ẹ ná sí i kò sọ ọ́ di ilẹ̀ yín. Ìdí nìyí tí "No Parking" tí ẹ fi ọ̀dà pupa kọ sára fẹ́ǹsì láti igun dé igun kò fi lágbára tó bí ẹ ṣe rò. Ibì kan ṣoṣo ló ti lágbára gidi, ẹnu gééti. Ẹ̀tọ́ yín ni láti wọlé kí ẹ sì jáde nígbàkígbà, tọ̀sán-tòru, ẹni tó bá sì fi mọ́tò dí i ti ṣẹ̀, kódà bí kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Òkúta ńlá, òpó irin àti dírọ́ọ̀mù tí àwọn onílé kan fi ń gba àyè sílẹ̀ níwájú ilé wọn náà, ìdíwọ́ ojú títì ni, bíi ti mọ́tò tí wọ́n ń sá fún.

Ó wá ku onímọ́tò. Lóòótọ́, títì kì í ṣe ti onílé. Ṣùgbọ́n "ti gbogbo wa" kò túmọ̀ sí "ti ẹni tó bá kọ́kọ́ dé". Lílọ bíbọ̀ ni títì wà fún. Kéèyàn dúró díẹ̀ láti já èrò, láti sọ ẹrù, láti yà kí ẹbí, ó wà nínú lílọ bíbọ̀ yẹn. Kí mọ́tò máa gbé ibẹ̀ láti Ọdún Àjíǹde títí dé Kérésì, ìyẹn kì í ṣe páàkì mọ́, ìkẹ́rù-pamọ́ ni. Dídúró yàtọ̀ sí títọ́jú, àárín méjèèjì yìí sì ni gbogbo ẹjọ́ wà.

Kì í sì í ṣe ẹ̀bi onímọ́tò nìkan ni mọ́tò fi pọ̀ níta. Ìwé ìyọ̀ǹda ilé kíkọ́ l'Ékòó máa ń béèrè àyè mọ́tò nínú ọgbà. Lórí pílánì, àyè náà wà. Nígbà tí ilé bá fi máa parí, ó ti di ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta àti ibi tí wọ́n ti ń ta omi. Onílé kan náà tó ń gba owó ṣọ́ọ̀bù yẹn ló máa kọ́kọ́ pariwo pé àwọn àyálégbé òun ń páàkì síta! Ẹni tó bá fẹ́ gbalé, kó béèrè kó tó sanwó: mọ́tò mélòó ló lè wọ ọgbà yìí, àyè tèmi dà? Kí ìdáhùn náà sì wọ inú ìwé àdéhùn.

Ẹ fi ẹsẹ̀ wọn títì yín

Ìgbésẹ̀ àgbàlagbà kan tó ń rìn wọ́ọ́rọ́wọ́ tó ẹsẹ̀ bàtà 2 àbọ̀. Ẹ rìn láti etí gọ́tà kan dé etí ìkejì. Bó bá jẹ́ ìgbésẹ̀ 8, ẹsẹ̀ bàtà 20 ni, ìyẹn mítà 6 àti díẹ̀. Ọ̀pọ̀ títì àdúgbò n'Ìkòròdú kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn mìíràn kò tiẹ̀ tó o, pàápàá níbi tí fẹ́ǹsì ti ń rìn jáde díẹ̀díẹ̀ nígbàkúùgbà tí wọ́n bá tún un mọ.

Corolla tí gbogbo èèyàn mọ̀ fẹ̀ tó mítà 1.76. Camry tó mítà 1.82. Sienna sún mọ́ mítà 2. Díńgí ẹ̀gbẹ́ kò sí nínú ìṣirò yẹn o. Kò sì sẹ́ni tó ń lẹ mọ́tò mọ́ gọ́tà pátápátá, àyè bí ẹsẹ̀ bàtà kan máa ń ṣẹ́ kù. Nítorí náà, mọ́tò kan jẹ nǹkan bíi mítà 2.1 lára títì. Bí wọ́n bá páàkì sí ẹ̀gbẹ́ kan, mítà 4 ló ṣẹ́ kù láàárín. Bí wọ́n bá páàkì sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tí wọ́n dojú kọra wọn, mítà 1.9 péré ló kù. Corolla á kọjá níbẹ̀ bí awakọ̀ bá pa díńgí dé tó sì mí sínú. Kẹ̀kẹ́ Márúwá á kọjá láìbojú wẹ̀yìn. Ọkọ̀ panápaná fẹ̀ tó mítà 2.5, díńgí kò sí níbẹ̀, kò sì ní kọjá láé. Ọkọ̀ PSP tó ń kó ilẹ̀ fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ náà, ọkọ̀ tó ń fa ṣọ́ọ̀kàwéè kò sì fi bẹ́ẹ̀ kéré sí i. Bí PSP bá fo àdúgbò yín fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ wo bí títì yín ṣe rí ní aago mẹ́fà àárọ̀ kí ẹ tó bú wọn.

Àwọn kan á ní àwọn kò dojú mọ́tò kọra wọn, ọ̀kan wà lọ́tùn-ún níbí, òmíràn wà lósì níwájú díẹ̀. Ìyẹn dáa fún mọ́tò kékeré. Ọkọ̀ tó gùn ní mítà 8 kì í yí bí ejò. Orí á kọjá mọ́tò àkọ́kọ́, ìdí ọkọ̀ á ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tí orí bá ti ń kan ìkejì.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí àdúgbò yan ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Ẹ yan ẹ̀gbẹ́ tí gééti rẹ̀ kéré jù, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ tí ilé alága kò sí. Kí mọ́tò àkọ́kọ́ jìnnà sí kọ́nà tó ìgbésẹ̀ 12, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 30, nítorí pé ọkọ̀ ńlá tó ń yà máa ń fi ìdí gba kọ́nà kí orí rẹ̀ tó tọ́, ẹni tó sì ń jáde látinú títì kékeré kò ní rí kẹ̀kẹ́ tó ń bọ̀ bí Sienna kan bá dúró sí kọ́nà.

Ọ̀rọ̀ òdìkejì gééti wà níbẹ̀ tí kì í yé ọ̀pọ̀ èèyàn. "Mi ò kúkú dí ẹnu ọ̀nà yín, òdìkejì ni mo wà." Corolla tó bá yí síárìn dé òpin ṣì nílò nǹkan bíi mítà 10 kó tó lè yí po lẹ́ẹ̀kan. Gééti ẹsẹ̀ bàtà 12 ló wà níwájú rẹ̀. Bí títì bá ṣí sílẹ̀ pátá, awakọ̀ á fẹ̀ síta díẹ̀, á sì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Bí mọ́tò kan bá ti wà lódìkejì, kò lè fẹ̀ síta mọ́. Á lọ síwájú, á padà sẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin, òpó gééti á sì máa ń ha ilẹ̀kùn mọ́tò. Kí ẹni tó páàkì sún síwájú tó gígùn mọ́tò kan, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 15, wàhálà náà á tán.

Súlábù gọ́tà kì í ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí

Kí àyè lè fẹ̀ lójú títì, wọ́n á gbé táyà méjì gun orí súlábù gọ́tà. Ó dà bí ọgbọ́n. Corolla wúwo tó nǹkan bí 1,300 kílò, táyà kan sì ń gbé ju 300 kílò lọ. Ìyẹn báàgì sìmẹ́ǹtì mẹ́fà, lórí ibi tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, nítorí ojú ibi tí táyà ti ń kan ilẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Súlábù tó nípọn ní ínǹṣì 3, tí wọ́n dà kí èèyàn lè gba orí rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù, kò lè gbé e lọ títí.

Bó ṣe ń fọ́ rèé. Nígbà tí ẹrù bá tẹ súlábù láàárín, abẹ́ rẹ̀ ló máa ń fẹ́ ya, kì í ṣe orí rẹ̀. Abẹ́ yẹn ló yẹ kí irin wà, nǹkan bí ínǹṣì kan sókè láti ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ bíríkìlà á da kọnkéré tán kí wọ́n tó tẹ irin wọ̀ ọ́ látòkè, irin á sì dúró sí òkè tàbí àárín, níbi tí kò ti wúlò fún nǹkan kan. Ilà fẹ́ẹ́rẹ́ á kọ́kọ́ yọ lábẹ́, ojú yín kò sì lè rí i. Lọ́jọ́ kan, ó di kàà! Àfọ́kù á jábọ́ sínú gọ́tà, pépà àti ọ̀rá á kọ́ ọ, omi òjò á gba ojú títì wọlé àwọn tí kò ní mọ́tò rárá. Ẹni tó bá fẹ́ kí mọ́tò máa gba orí súlábù wọ ọgbà, kó dà á ní ínǹṣì 6, kó lo irin 12 mílímítà tó jìnnà síra wọn ní ínǹṣì 6, kó sì fi òkúta kéékèèké gbé irin náà sókè kí kọnkéré tó balẹ̀. Kó sì fi ihò kan sílẹ̀ tó lè gba ṣọ́bìrì, torí gọ́tà tí ọwọ́ kò lè dé kì í ṣeé kó.

Ọ́ìlì tó ń kán ńkọ́? Inú epo rọ̀bì kan náà ni ọ̀dà títì àti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ti wá, nítorí náà ọ́ìlì àti dísù máa ń yọ́ ọ̀dà. Ibi tí mọ́tò kan náà ń kán sí lójoojúmọ́ á rọ̀, á di kòtò nígbà òjò. Ẹ da yanrìn tàbí eérú pákó sí i kó fà á mu, ẹ sì jẹ́ kí mẹkáníìkì wá ojú ibi tó ń kán.

Àláàmù tó ń ké ní aago méjì òru

Ohun tó ń bí àdúgbò nínú jù nìyí, òun náà ló sì rọrùn jù láti tún ṣe. Olè kọ́ ló máa ń fà á. Àkókò tó bá ń ké ló máa sọ ohun tó ń ṣe é, nítorí náà kí aládùúgbò kọ àkókò náà sílẹ̀ dípò èébú.

Bó bá jẹ́ lẹ́yìn òjò tàbí lẹ́yìn tí wọ́n fọ mọ́tò ló ń ké, ẹ wo bọ́tìnnì kékeré abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bọ́tìnnì yìí ló ń sọ fún àláàmù pé bọ́nẹ́ẹ̀tì wà ní títì tàbí ní ṣíṣí. Omi á wọ̀ ọ́, á dípẹtà, àláàmù á sì rò pé ẹnì kan ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Sáńpépà díẹ̀ lórí irin rẹ̀ á tún un ṣe, tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, kò wọ́n.

Bó bá jẹ́ ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, tí àrá bá sán, tàbí tí típà bá kọjá ló ń ké, ohun tó ń gbọ́ ìgbọ̀n-rìrì ni wọ́n ṣí jù. Àpótí kékeré kan ni, ó sábà máa ń wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó sì ní ìdè kan tí wọ́n ń fi sukurudíráfà kékeré yí. Kí rìwáyà yí i padà sẹ́yìn díẹ̀, ìdámẹ́rin yíyí kan lẹ́ẹ̀kan, kó ti àláàmù, kó sì dán an wò: bó bá fi ẹsẹ̀ gbá táyà wẹ́rẹ́, kò gbọdọ̀ ké, bó bá fi àtẹ́lẹwọ́ lu gíláàsì gidi, kó ké.

Bó bá jẹ́ òru lásán ni, tí mọ́tò náà sì ti wà lójú kan fún ọjọ́ mélòó kan, bátìrì ni. Bátìrì tó kún máa ń ka fólítì 12.6 lórí mítà tí rìwáyà fi ń wọn iná. Bó bá ti ń ka 12, ó ti ń lọ sópin. Àláàmù àti tírákà ń mu iná díẹ̀díẹ̀ tọ̀sán-tòru. Nígbà tí iná bá já wálẹ̀, àwọn àláàmù kan máa ń kà á sí pé wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn. Á ké, kíké náà á tún mu iná sí i, á sì ké títí tí bátìrì á fi kú. Àláàfíà á wá dé, mọ́tò ò sì ní lè kúrò níbẹ̀ mọ́.

Ẹni tó ń rìnrìn àjò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, kó fi sípánà 10 tú orí bátìrì ẹ̀gbẹ́ nẹ́gétíìfù, kó sì fi nọ́lọ́ọ̀nù wé e. Ṣùgbọ́n kó kíyè sí i: fèrè àláàmù kan wà tó ní bátìrì tirẹ̀ nínú, bí wọ́n bá já iná lọ́wọ́ rẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ló máa ké jù. Kọ́kọ́rọ́ kékeré kan wà tí wọ́n fi ń pa á lára fèrè náà. Kí wọ́n kọ́kọ́ yí i kí wọ́n tó kan bátìrì. Kó fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sọ́wọ́ ẹni tó lè wà á, kó sì fún táyà ní afẹ́fẹ́ díẹ̀ lé ní iye tó máa ń lò. Hándìbréèkì tó wà ní fífà fún oṣù kan lásìkò òjò lè lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, igi tàbí òkúta níwájú àti lẹ́yìn táyà ló dáa jù.

Nọ́ńbà fóònù tí ẹ kọ sórí páálí, tí ẹ gbé sójú gíláàsì, wúlò ju "ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú" lọ. Kí fóònù náà ṣáà wà ní títàn. Nínú mọ́tò ọlọ́tọmátíìkì bíi Corolla, P ló di táyà iwájú mú, hándìbréèkì di tẹ̀yìn, nítorí náà bí ogún ọkùnrin bá tì í, kò ní yí. Àfi kí wọ́n gbé e.

Típà tó ń han ní àfẹ̀mọ́júmọ́

Àwọn tó ń ru yanrìn láti etí ọ̀sà Báyékù tàbí Májídùn máa ń gbé típà wálé sùn. Aago mẹ́rin àbọ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í han, èéfín dísù á gba fèrèsé wọlé fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Awakọ̀ kò ṣe é láti yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Afẹ́fẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ bíréèkì típà. Nígbà tí táǹkì afẹ́fẹ́ bá ṣófo, sípíríǹgì á di táyà mú, ọkọ̀ kò sì ní lè sún títí ẹ́ńjìnnì á fi tún afẹ́fẹ́ kún un. Típà tí ọ̀pá afẹ́fẹ́ rẹ̀ dáa kì í pàdánù púpọ̀ mọ́jú, kì í sì í pẹ́ kó tó gbéra. Èyí tó ń han fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ń jò níbì kan, jíjò yẹn sì léwu fún awakọ̀ fúnra rẹ̀ ju bó ṣe ń dí oorun yín lọ. Ẹ sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀, á gbọ́ ju "o ò jẹ́ ká sùn" lọ. Ní ti kó gbé e wọ títì íńtálọ́ọ̀kì, kò yẹ rárá. Títì yẹn kò ní pẹ́ rí gbágungbàgun.

Mọ́tò tí olówó rẹ̀ ti gbàgbé

Mọ́tò tó pẹ́ lójú kan kì í ṣe mọ́tò tí wọ́n pa tì dandan. Olówó rẹ̀ lè wà ní ọsibítù. Ẹ wo àwọn àmì wọ̀nyí pa pọ̀: táyà tó ti sinmi lé ríìmù, koríko tó hù lábẹ́, ìwé mọ́tò ojú gíláàsì tí ọdún rẹ̀ ti kọjá, bátìrì tí kò sí, nọ́ńbà tí wọ́n ti tú. Bí àríyànjiyàn bá wà pé "ó máa ń jáde, ẹ̀yin ni kì í rí i," ẹ wo ẹnu fáàfù tí fọkanáísà ń gbà fi afẹ́fẹ́ sí táyà. Ẹ kà á bí ọwọ́ aago: ti iwájú dojú kọ aago mẹ́rin, ti ẹ̀yìn dojú kọ aago mọ́kànlá. Ẹ yà á ní fọ́tò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ tún yà á. Mọ́tò tó jáde tó padà wá kì í sábà bọ́ sí ojú kan náà ní táyà méjèèjì.

Omi òjò á dúró sínú táyà tó wà lẹ́yìn bọ́ọ̀tù tó ti ṣí àti nínú ihò ara irin, ẹyin ẹ̀fọn sì lè di ẹ̀fọn tó ń fò láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Eku á gba abẹ́ ẹ́ńjìnnì.

Nọ́ńbà ara mọ́tò kì í sọ ibi tí olówó rẹ̀ ń gbé. KRD túmọ̀ sí pé Ìkòròdú ni wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, bí EPE ti jẹ́ ti Ẹ̀pẹ́ tí BDG sì jẹ́ ti Badagry. Olówó rẹ̀ lè wà n'Íbàdàn. Bí nọ́ńbà kò bá sí, ẹ wo abẹ́ gíláàsì iwájú ní ẹ̀gbẹ́ awakọ̀: nọ́ńbà ẹ̀rí mọ́tò wà níbẹ̀, lẹ́tà àti díjíìtì 17. Ẹ dà á kọ.

Bó bá jẹ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ló wà, ìtàn rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ọ̀kan: olówó rẹ̀ kò rówó san. Òfin gbà kí mẹkáníìkì di mọ́tò tó tún ṣe mú títí wọ́n fi máa sanwó iṣẹ́ rẹ̀. Inú ọgbà tirẹ̀ ni kó ti dì í mú. Ẹ̀tọ́ yẹn kò sọ títì di ọgbà rẹ̀, kò sì fún un láṣẹ láti máa tú u tà ní ẹyọ-ẹyọ.

Ẹ̀yin náà, ẹ má fọwọ́ kan mọ́tò náà. Kí ẹ tu afẹ́fẹ́ táyà, kí ẹ fi ìṣó ha á, kí ẹ fi ṣéènì dè é, ẹ̀ṣẹ̀ ìbàjẹ́ ohun-ìní ni, ẹ̀yin tí ẹ ń ráhùn lè di ẹni tí wọ́n ń fẹ̀sùn kàn. Ẹ tún wo òye tó wà níbẹ̀: ẹ fẹ́ kó lọ, ẹ wá gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀! Títà á fún àwọn tó ń ra irin kọ̀ǹdẹ́ḿ burú ju ìyẹn lọ, olè ni, ó sì lè jẹ́ mọ́tò tí wọ́n jí tí àwọn ọlọ́pàá ṣì ń wá.

Ta ni kí ẹ lọ bá?

Ibí ni orúkọ ti máa ń pọ̀ lójú. Bí iná bá ń jó tàbí aláìsàn wà nílẹ̀ tí mọ́tò dí ọ̀nà, ẹ pe 112 tàbí 767 lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ fún wọn pé mọ́tò dí ọ̀nà kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n máa gbà wọlé. Gbogbo ìyókù lè dúró.

LASTMA, tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ lọ́dún 2000, ni ti ìdíwọ́ ìrìnnà, wọ́n sì lè fa mọ́tò lọ. Ojú títì ńlá ni ẹ ti sábà máa ń rí wọn, torí náà títì yín lè má ṣe pàtàkì lójú wọn bí kò bá so mọ́ títì tí ọkọ̀ èrò ń gbà. LASPA ni wọ́n fi òfin ìrìnnà ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2018 dá sílẹ̀, ọ̀rọ̀ páàkì gan-an ni tiwọn. Road Safety, tó ti wà láti ọdún 1988, ni kí ẹ wò fún ojú títì ìjọba àpapọ̀ bíi Ìkòròdú sí Ṣágámù.

Fún títì àdúgbò, káńsù ni ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́. Ìwé òfin ọdún 1999 gbé títì àdúgbò, iná ojú títì àti gọ́tà lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́, òfin àpapọ̀ ọdún 1998 tó to owó-orí àti owó ìtanràn fún ìjọba kọ̀ọ̀kan sì ka owó páàkìkúpàákì mọ́ ti ìjọba ìbílẹ̀. N'Ìkòròdú, káńsù mẹ́fà ló wà: Ìkòròdú fúnra rẹ̀, Ìkòròdú North, Ìkòròdú West, Ìgbógbó-Báyékù, Ìmọ̀ta àti Ìjẹ̀dẹ. Ẹni tó ń gbé Òwutù tó gbé lẹ́tà lọ sí káńsù Ìkòròdú ti ṣìnà, Ìkòròdú West ni tirẹ̀. Ẹni tó bá ní káńsù ló rán òun wá gba owó, ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí àti rìsíìtì, ẹ má sanwó sọ́wọ́ ọmọkùnrin tó kàn gbé ṣéènì dání.

CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, ńkọ́? Òfin Èkó ti ọdún 2008 mọ̀ wọ́n, wọ́n sì lè fẹnu kò lórí ẹ̀gbẹ́ tí mọ́tò máa wà, kí wọ́n fa ìlà funfun, kí wọ́n kọ lẹ́tà lórúkọ gbogbo títì. Wọn kì í ṣe ọlọ́pàá. Wọn kò lè fa mọ́tò lọ, wọn kò sì lè fipá gba owó ìtanràn lọ́wọ́ àlejò. Lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀ CDA sì máa ń yára ju lẹ́tà ẹnì kan lọ.

Ẹ kọ lẹ́tà náà ní ojú ìwé kan: nọ́ńbà mọ́tò, àwọ̀ rẹ̀, irú rẹ̀, nọ́ńbà ilé tó wà níwájú rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ yà á ní fọ́tò àti ọjọ́ ìkejì, ohun tó ń dí, ìyẹn gọ́tà, gééti tàbí ọkọ̀ PSP. Ẹ má kọ ìwà olówó rẹ̀ sí i. Ẹ̀dà méjì ni kí ẹ gbé lọ, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ sórí èyí tó máa bá yín padà wálé. Bí ẹ bá padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ní àwọn kò rí lẹ́tà, òǹtẹ̀ yẹn ló máa sọ̀rọ̀. Ìjọba kì í sábà fa mọ́tò tí wọ́n pa tì lọ láìkọ́kọ́ lẹ ìwé ìkìlọ̀ mọ́ ọn, nítorí náà bí ẹ bá rí ìwé náà lára rẹ̀, ẹ má ya á.

Bí ẹ bá mọ olówó mọ́tò, tó sì jẹ́ pé ẹ ó ṣì máa rí ara yín lójoojúmọ́, Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó máa ń pe ẹni méjèèjì jókòó láìgba kọ́bọ̀. Ẹ má jẹ́ kí àdéhùn tó bá tibẹ̀ jáde dúró sórí "á máa páàkì dáadáa". Kó sọ ẹ̀gbẹ́ títì, kó sọ wákàtí, kó sọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ máa wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí olówó mọ́tò bá rìnrìn àjò, kó sì sọ ẹni tó máa tún súlábù tó ti fọ́ dà, ní ínǹṣì mélòó.